Oògùn pupa tí wọ́n ń fún aláìsàn jẹjẹrẹ, inú iyẹ̀pẹ̀ ló ti wá

"Ẹ má gba kẹ́mò o, kẹ́míkà òyìnbó ni. Ohun tí Ọlọ́run dá kì í pani lára." Ta ni kò tíì rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí lórí WhatsApp? Kí àyẹ̀wò ṣáà ti fi hàn pé jẹjẹrẹ wà lára ẹnì kan nínú ẹbí, ó di kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, oògùn tí wọ́n sì ń bẹ̀rù jù lọ gan-an nínú kẹ́mò, ìyẹn àwọn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ló tú u fó.

Doxorubicin lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti báni jókòó ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ á ti rí i: ó pupa fòò bíi zobo. Díẹ̀díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń tì í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbi tí abẹ́rẹ́ wọlé, torí bí oògùn náà bá ṣèèṣì jò sínú ẹran ara, egbò burúkú ló ń dá síbẹ̀. Tí aláìsàn bá máa tọ̀, ìtọ̀ pupa ni yóò rí.

Ta ló ṣe é? Bakitéríà ni. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Farmitalia ní Ítálì bu iyẹ̀pẹ̀ nítòsí Castel del Monte, ààfin àtijọ́ kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú rẹ̀ tó ń ṣe aró pupa, wọ́n sọ ọ́ ní Streptomyces peucetius. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí daunorubicin. Nígbà tí wọ́n yí àbùdá kòkòrò náà padà díẹ̀, ó fún wọn ní doxorubicin. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ẹbí Streptomyces yìí kò jìnnà sí wa o. Òórùn ilẹ̀ tó máa ń ta síni nímú bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é.

Ohun àdánidá wá ni. Kí ló dé tó fi ń pani lára? Torí ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ náà ló ń mú un pani lára. Ó ń wọ àárín okùn DNA, ìyẹn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, ó ń há síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì ní lè pín sí méjì mọ́. Kò mọ èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí gbòǹgbò irun, awọ inú ẹnu tàbí mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wọn ló ń pín kíákíá. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń dá egbò, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀. Ó tún lè ba ọkàn jẹ́, èyí ló sì mú kí dókítà máa ṣírò gbogbo èyí tí ènìyàn ti gbà láyé rẹ̀ pọ̀, kó má baà kọjá ààlà.

Kì í ṣe òun nìkan. Bleomycin, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn tí Hamao Umezawa rí ní Japan, wá láti ara Streptomyces mìíràn. Ẹ̀dọ̀fóró lòun lè bà jẹ́. Ti actinomycin ló wù mí jù: ọdún 1940 ni Selman Waksman àti Boyd Woodruff rí i ní yunifásítì Rutgers, ní Amẹ́ríkà. Kòkòrò àrùn ni wọ́n fẹ́ fi pa, ṣùgbọ́n májèlé rẹ̀ le fún àwọn ẹranko tí wọ́n dán an wò lára débi pé wọ́n pa á tì. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún jẹjẹrẹ kíndìnrín àwọn ọmọdé.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé ẹ rí i? Agbo mi náà á ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ẹ ní sùúrù. Ohun tó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo ní yàrá àyẹ̀wò pọ̀ lọ jàra. Omi bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun náà lè pa á. Epothilone, tí àwọn ará Jámánì rí lára bakitéríà inú iyẹ̀pẹ̀ etí odò Zambezi, nílẹ̀ Áfíríkà níbí, kò di oògùn lọ́sàn-án kan òru kan. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àti àyẹ̀wò lára ènìyàn ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí ixabepilone, oògùn tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀, fún jẹjẹrẹ ọyàn, lọ́dún 2007. Ìgò agbo kò sọ iye oògùn tó wà nínú rẹ̀ fún wa, ti òní sì lè le ju ti àná lọ.

Bí ẹ bá ń gba kẹ́mò tí ẹ sì ń mu agbo, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ doxorubicin mọ́ kúrò nínú ara. Bí agbo bá ti dá ẹ̀dọ̀ lágara, oògùn pupa yẹn á pẹ́ lára ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á sì ní láti dín in kù.