Iyùn Kì í Ṣe Òkúta

"Òkúta inú òkun ni iyùn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, mo sì gbọ́ ọ níbi ìdána, nígbà tí alága ń ki ìyàwó tó so iyùn mọ́rùn, mọ́wọ́. Ó yé mi. Bí èèyàn bá dì í mú, ó le, ó tutù, ó wúwo. Síbẹ̀ kì í ṣe òkúta. Egungun ẹran ni, ẹran kéékèèké tó ń jẹun, tó ń bímọ, tó sì ń kú.

Àṣìṣe yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Iyùn pupa tí àwọn Pọtogí ń gbé wá sí etíkun wa láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, inú òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń kó o, àwọn ará ibẹ̀ pàápàá sì gbà pé igi ni. Wọ́n ní ó rọ̀ nínú omi, pé atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di òkúta. Ní 1706, ọmọ Ítálì kan, Luigi Marsigli, fi ẹ̀ka iyùn tútù sínú omi òkun, ó rí nǹkan funfun kéékèèké tó ń là lára rẹ̀, ó ní òdòdó rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tó ogún ọdún sí i tí Jean-André Peyssonnel, dókítà ará Marseille, tún un wò. Ó rí i pé "òdòdó" yìí ń na ọwọ́, ó sì ń ká a kò bí nǹkan bá fara kàn án. Ó kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ní Paris pé ẹran ni. Wọn ò gbà. Réaumur, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, tó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn, fi orúkọ ọkùnrin náà pamọ́, kí ìtìjú má baà bá a. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó gbà pé òun ló tọ̀nà.

Ọmọ oko ló yẹ kí èyí tètè yé. Ẹni tó kọjá lẹ́bàá ògán, erùpẹ̀ ló rí. Ikán ló kọ́ ọ, ikán sì wà níbẹ̀ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni òkìtì iyùn rí. Ara ẹran kọ̀ọ̀kan rọ̀ bí ara ìgbín, inú omi òkun ló sì ti ń rí ohun tó fi ń kọ́ ilé líle sábẹ́ ara rẹ̀, bí ìgbín ṣe ń ṣe ìkarahun. Ìran kan kú, òmíràn kọ́lé lé e lórí. Àwọn ìbátan iyùn pupa, tí wọ́n ń gbé inú omi tó móoru tí oòrùn ń wọ̀, ló kọ́ òkìtì tó gùn ju 2,000 kìlómítà lọ ní Ọsirélíà. Ti ọrùn wa ò yára bẹ́ẹ̀: ìnípọn rẹ̀ kì í fi mílímítà kan pọ̀ sí i lọ́dún. Ẹ̀ka tó tóbi tó àtàǹpàkò ti lò ju 50 ọdún lọ. Bí ẹ bá ní ojúlówó nílé, tí wọn ò dán an jù, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀, ipa ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà káàkiri ara ẹran náà ni.

Òkúta kì í bímọ. Ní 1981, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì James Cook rí i ní erékùṣù Magnetic, ní Ọsirélíà, pé ní òru mélòó kan lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, oríṣiríṣi iyùn jùmọ̀ ń tu ẹyin àti àtọ̀ sínú omi.

Ìgbàgbọ́ kejì ni pé iyùn inú omi móoru tó bá ti funfun ti kú. Rárá. Ewéko tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ ló ń fún un ní àwọ̀ àti èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí omi bá gbóná jù, ó máa ń lé ewéko náà jáde, egungun á sì hàn. Ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ó lè sọjí.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ "òkúta" ni pé èèyàn kì í ṣàánú òkúta. Ní Philippines nígbà kan, àwọn apẹja kan máa ń so òkúta mọ́ okùn, wọ́n á fi máa gbá iyùn kí ẹja lè sá sínú àwọ̀n. Muro-ami ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn ń ju bọ́ǹbù sómi. Angel Alcala, onímọ̀ ní Yunifásítì Silliman, kò bá wọn jà. Láti 1974, wọ́n ti dá apá kan òkìtì iyùn erékùṣù Sumilon sí, kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí erékùṣù Apo, wọ́n ń jókòó ti àwọn apẹja, wọ́n ń ṣàlàyé ibi tí ẹja ti ń jẹ àti ibi tó ń sá pamọ́ sí, wọ́n sì mú wọn lọ fojú ara wọn wo Sumilon. Ẹ̀rù ṣì ń ba ọ̀pọ̀ wọn pé ebi yóò pa àwọn. Ní 1982, àwọn díẹ̀ gbà láti dá apá kékeré kan sí.

Sumilon náà ló wá fi hàn ní ìdàkejì pé dídá ibi kan sí ń mú ẹja pọ̀. Òfin ibẹ̀ bàjẹ́ ní 1984, kálukú wọlé pẹja, kò sì tó ọdún méjì tí ẹja tí wọ́n ń pa ní gbogbo erékùṣù náà fi dín ju ìdajì lọ. Ní Apo, wọ́n ti ibi kan, ẹja kún un, ó sì ń ya jáde síbi tí wọ́n ti ń ju àwọ̀n. Ibi tí wọ́n dá sí bẹ́ẹ̀ ní Philippines lónìí ju 1,000 lọ. Ní Apo, àwọn apẹja fúnra wọn ló ń ṣọ́ ọ.