"ECOWAS ni, kò gbàwé": irọ́ tó ń náni lówó lójú ọ̀nà Èkó sí Àkírà

Ẹ dé gáréèjì tí ọkọ̀ Kùtọ́nú ti ń gbéra ní Máìlì Tú, kí ẹ bi ẹni tó gbé báàgì dání bóyá páásípọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. "Páásípọ́ọ̀tù kẹ̀? Ṣé ìlú òyìnbó ni mò ń lọ ni? ECOWAS ni jàre." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé ẹni tó kàwé, tó jókòó ṣètò ìrìnàjò ara rẹ̀ láti orí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì dórí oúnjẹ, yóò kọrí sí Àkírà tòun ti káàdì NIN nìkan. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́: ọmọ Nàìjíríà kò gba físà kó tó wọ Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà. Ibi tó ti di irọ́ ni ibi tí wọ́n ti sọ "kò gba físà" di "kò gba ìwé".

Àdéhùn tí gbogbo wọn ń fi ṣe ẹ̀rí, èyí tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣe lórí ìrìnàjò láàárín ara wọn, kò ṣòroó kà. Ìlú Dakar ni wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979. Abala kẹta rẹ̀ sọ ohun tí ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ṣe: kó ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kó ní ìwé ẹ̀rí ìlera ti gbogbo ayé, kó gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀ wọlé, tó bá sì fẹ́ lò ju 90 ọjọ́ lọ, kó lọ tọrọ àṣẹ. Abala kẹrin wá fi kún un pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹni tí òfin rẹ̀ kò fàyè gbà padà. Físà nìkan ni àdéhùn náà mú kúrò. Gbogbo ìyókù ṣì wà ńbẹ̀.

Ìgbàgbọ́ náà ní orísun, a ò gbọdọ̀ purọ́. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà la àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Títí dòní, ìlú Ìlára wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bodè. Ará Ìdìrókò tó bá lọ ná ọjà Ìgólò láàárọ̀, tó sì padà kí oòrùn tó wọ̀, ojú tí wọ́n mọ̀ ni, kì í sábà sí ẹni tó ń bi í ní ìwé. Ohun tí àwọn ará bodè ń ṣe lójoojúmọ́ ni àwa ará Èkó àti Ìbàdàn sọ di òfin ìrìnàjò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sùn ní Kùtọ́nú, tó fẹ́ la Tógò kọjá, tó sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Àkírà, ìyẹn kì í ṣe ará bodè lójú ẹnikẹ́ni. Káàdì NIN kì í ṣe ìwé ìrìnnà, káàdì ìdìbò náà kò sì rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí páásípọ́ọ̀tù, ìwé ìrìnnà ECOWAS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 wà, ọdún méjì ni wọ́n ń lò ó. Páásípọ́ọ̀tù ni ká gbé, torí òun náà ni hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń ta síìmù yóò bèèrè lọ́nà.

Àwọn onímọ́tò náà ń dá kún irọ́ yìí. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo iye tí wọ́n ń pè fún ìrìnàjò kan náà, ẹ ó rí i pé ó ń yàtọ̀: iye kan fún ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí rí, iye tó ju ìyẹn lọ fún ẹni tí tirẹ̀ ṣì funfun, iye tó ga jù lọ fún ẹni tí kò ní rárá. Àlàfo tó wà láàárín iye wọ̀nyẹn ni owó tí wọn yóò máa pín lójú ọ̀nà. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ náwó ṣe páásípọ́ọ̀tù ti ń san án díẹ̀díẹ̀, kò sì ní rí ìwé kankan gbé wálé. Ìrìnàjò tó tẹ̀ lé e, yóò tún un san.

Báwo wá ni ọ̀nà náà ṣe rí gan-an? Láti Èkó dé Àkírà kò tó kìlómítà 500, bodè mẹ́ta ló sì wà lórí rẹ̀: Sẹ̀mẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Hilla-Condji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti Aflao, tó lẹ̀ mọ́ ìlú Lómè gan-an, láàárín Tógò àti Gánà. Ní bodè kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gba òǹtẹ̀ ìjáde lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ ó sì gba ti ìwọlé lọ́wọ́ ibi tí ẹ ń lọ. Mẹ́fà ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀. Ẹ wo páásípọ́ọ̀tù yín kí ẹ tó gbéra bóyá ojú ìwé tó ṣófo tó mẹ́rin, kí ó sì ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù nìyí. Ní Sẹ̀mẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì sí. Èèyàn á gba òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà ní fèrèsé kan, á rò pé ó ti parí, á bá ẹnu ọ̀nà kejì jáde bọ́ sínú ọkọ̀. Kò gba ti Bẹ̀nẹ̀. Kò ní mọ̀ títí yóò fi dé Hilla-Condji, níbi tí wọn yóò ti ṣí ìwé rẹ̀ wò, tí wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe wọ ilẹ̀ àwọn. Ní àkókò yẹn, ohun tí ẹni tó gba inú igbó wọlé ń sọ ni òun náà yóò máa sọ, iye kan náà ni wọn yóò sì dá lé e. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní bodè, ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù, ẹ ka òǹtẹ̀ náà: orúkọ orílẹ̀-èdè, orúkọ bodè, ọ̀rọ̀ tó fi ìwọlé tàbí ìjáde hàn, àti ọjọ́. Lórí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, "Entrée" ni ìwọlé, "Sortie" ni ìjáde. Bí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ bá jẹ́ ti àná, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ òǹtẹ̀ tí wọn kò yí ọjọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ló máa ń fà á. Bí kọ́ńdọ́ bá sì gba páásípọ́ọ̀tù gbogbo èrò lọ lu òǹtẹ̀, ẹ má ṣe gbà kí ọkọ̀ ṣí kí ẹ tó rí ti yín, kí ẹ sì kà á. Ẹni tó bá lè sọ̀ kalẹ̀ kó fúnra rẹ̀ tò níwájú fèrèsé, ìyẹn ló dáa jù.

Ó tún kan ohun tí wọ́n ń pè ní "virgin passport", ìyẹn páásípọ́ọ̀tù tí kò tíì ní òǹtẹ̀ kankan. Àwọn kan gbà tọkàntọkàn pé owó wà tí ìjọba fi lé e lórí. Kò sí o. Kò sí gbólóhùn kan nínú àdéhùn 1979 tó ya ìwé tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti gbó. Rìbá ni, wọ́n kàn fún un lórúkọ ni. Kí lẹ lè ṣe? Ẹ má fi owó há àárín ìwé. Ẹ dé bodè kùtùkùtù, torí ẹni tí ilẹ̀ ti ń ṣú bá, tí ọkọ̀ sì ń fun fèrè fún, ni wọ́n tètè ń rí mú. Bí wọ́n bá dárúkọ iye kan, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè rìsíìtì. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, "Je voudrais un reçu, s'il vous plaît" ti tó. Owó tó tọ́ máa ń ní rìsíìtì. Wọ́n lè ní kí ẹ jókòó dúró. Ẹ jókòó. Èyí nira fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ akérò tó ń lọ tààrà dé Àkírà, torí ọkọ̀ kò ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ó sàn kí ẹ gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́: ọkọ̀ kan dé Kùtọ́nú, òmíràn dé Lómè, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá ní Aflao, kí ẹ wọ ọkọ̀ Àkírà ní òdìkejì.

Yẹ́lò kádì, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ni ìwé kejì. Àwọn tó ń tà á ní gáréèjì láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ ṣì pọ̀. Láti 2019 ni ti Nàìjíríà ti ní àmì tí wọ́n ń fi fóònù yẹ̀ wò, tí ayédèrú kò sì ní fèsì sí. Ọ̀dọ̀ Port Health, ìyẹn ẹ̀ka ìlera ìjọba fún àwọn arìnrìnàjò, ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ sì ka ọjọ́: ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹni tó gún un lọ́jọ́ Ajé tó fẹ́ rìn lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà kò tíì ní káàdì lábẹ́ òfin. Bí káàdì yín bá ti pẹ́, tí ẹnìkan sì ní ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ti pé, ẹ sọ fún un pé láti oṣù Keje 2016, títí láé ni.

Ọ̀rọ̀ owó. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná sẹ́fà kan náà, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣẹ́ ní Hilla-Condji. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣẹ́ "sẹ́fà Tógò" ń wá owó yín ni. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀ á sọ iye náírà tó wà nínú 1,000 sẹ́fà. Ẹ lè mọ iye náà nílé kí ẹ tó jáde, torí sẹ́fà kì í yí padà sí yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957 nígbà gbogbo. Ká ní yúrò kan ń lọ ní ₦1,700, ẹ pín in sí 655.957, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000: ó tó ₦2,592. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣẹ́ owó jẹ èrè díẹ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá pe ₦3,000, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ ka owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tú èyí tí wọ́n bá ká, torí bébà kan tí wọ́n ká sí méjì á ka méjì bí a bá kàn ń tọ́ etí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá BCEAO, ìyẹn orúkọ báǹkì àgbà tó ń tẹ sẹ́fà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ló wà lára rẹ̀. Sẹ́fà àwọn Kamẹrúùnù dọ́gba ní iye, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i ná ní ọjà Kùtọ́nú. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní 1,000 àti 2,000, torí ẹni tó bá na bébà 10,000 sí oní-zémíjàn, ìyẹn ọlọ́kadà ibẹ̀, á pẹ́ lẹ́bàá títì. Ẹ ná owó irin tán kí ẹ tó dé Aflao, àwọn tó ń ṣẹ́ owó kì í fẹ́ gbà á. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti sọ ìyókù di sídì, owó Gánà.

Aago náà ń yí, Hilla-Condji ló sì ti ń yí: aago méjì ní Kùtọ́nú, aago kan ni ní Lómè àti Àkírà. Ní àlọ, ẹ jèrè wákàtí kan. Ní àbọ̀, ẹ pàdánù rẹ̀, ẹ sì tètè kúrò ní Àkírà.

Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ, pátíkúlà Nàìjíríà nìkan kò tó. Abala karùn-ún àdéhùn kan náà béèrè láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè náà gbà, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìnṣọ́ránsì náà ni Brown Card, tí àwọn ECOWAS fọwọ́ sí ní Kùtọ́nú ní 1982. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ọkọ̀ ara ẹni ní 90 ọjọ́, ọkọ̀ akérò tàbí akẹ́rù ní 15 péré. Bí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ kì í bá ṣe ti yín, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọmọdé náà gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, bí bàbá àti ìyá kò bá sì jọ wà níbẹ̀, ẹ mú ìwé ìbí àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda èyí tí kò sí dání.

Ẹ má sì ro gbogbo aládùúgbò wa mọ́ ECOWAS. Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì kò sí nínú rẹ̀ rí. Mòrìtáníà ti jáde láti 2000. Málì, Nìjẹ̀r àti Bùrkínà Fasò jáde lọ́jọ́ 29 oṣù Kíní 2025. Ẹ béèrè bóyá bodè náà ṣí pàápàá: Nàìjíríà ti àwọn bodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019, oṣù Kejìlá 2020 ló tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà.

Ní ti 90 ọjọ́ tí èèyàn lè lò láìtọrọ àṣẹ, iye tí òṣìṣẹ́ bá kọ sára òǹtẹ̀ ìwọlé ni ẹ ó máa kà, kì í ṣe iye tí ẹ gbọ́. Bó bá kọ 30, 30 ni. Àwọn tó ń gbé ní Àkírà máa ń ní kéèyàn kàn yọ sí Lómè lọ́sàn-án kan kó sì padà wọlé, pé òǹkà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹni tó wà nídìí fèrèsé ló máa pinnu ìyẹn, ó sì lè kọ̀ fún yín. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ìlú náà nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tọrọ àfikún. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀, ẹ rí i pé ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde Gánà ní Aflao kí ẹ tó sọdá sí Lómè, torí bí kò bá sí níbẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún lọ, ìwé yín á máa sọ pé ẹ ò tíì kúrò.