Àmàlà Mi Lẹ́nu Rẹ̀, Ó Ní Kí Wọ́n Dí Ọ̀nà Oúnjẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ṣì ń bí mi o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kó tó di àìsàn sí mi lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìsọ̀ mi ní Ojúẹlẹ́gbà mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí fìríìjì, ìròyìn la sì máa ń wò níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ Sudan ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ náà, ti El Fasher, ìlú tí àwọn ọmọ ogun RSF, àwọn tó ń bá ọmọ ogun ìjọba ibẹ̀ jà, dó tì fún ohun tó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá 2025. Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn làwọn tó há sínú ìlú náà ń jẹ kẹ́yìn. Oníbàárà mi kan, ọ̀gá tó máa ń jẹ àmàlà pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀nmọ́, bá ní ohun tó yẹ kí ìjọba tiwa náà ṣe sí àwọn Bókò Háráámù ní Bórnò nìyẹn. "Kí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà pa! Kí ohunkóhun má wọlé, ebi á lé wọn jáde fúnra wọn. Gbogbo àwọn NGO tó ń lọ bá wọn dúnàádúrà yẹn, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n." Òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kò tíì gbé e mì tó fi na àwo sí mi, pé "Ìyá, ẹ bá mi fi gbẹ̀gìrì sí i."

Mo bu gbẹ̀gìrì sí i. Ajé ni mo ń ṣe, n kì í bá oníbàárà jà.

Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ṣọ́jà kú sí Bórnò. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, n ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ará Èkó ló yẹ kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ? Ṣé a ti gbàgbé 2021 ni? Lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ní àwọn ò kó nǹkan kan wá sí ìsàlẹ̀ mọ́. Tírélà dúró sí Jẹ́bbà. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹyọ ẹyọ ni mò ń ka àlùbọ́sà ní Mile 12, èmi tí mo máa ń gbé e lápò. Kí ló ṣí ọ̀nà? Ṣé ìbọn ni? Wọ́n jókòó ní Àbújá, gómìnà bíi mélòó kan bá wọn sọ̀rọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sẹ́ni tó pe àwọn tó lọ sọ̀rọ̀ lọ́dàlẹ̀ nígbà yẹn. Tòmátò dé, gbogbo wa dákẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni Bọ̀dá Tírélà. Àbúrò ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé, n ò lè pè é lórúkọ. Ó bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, wọ́n ń kó ẹrù àwọn àjọ aláàánú lọ sí Dikwa àti Ngala: ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, àti ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ebi ti jẹ gbẹ. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kí táyà tó yí, ìwé ti gbọ́dọ̀ wà: orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà ọkọ̀, iye àpò, ìlú tó ń lọ, òǹtẹ̀ ṣọ́jà lórí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí ṣọ́jà bá yàn láti sìn wọ́n lọ náà ni wọ́n máa lọ. Inú ọ̀rá ni Bọ̀dá máa ń kó àwọn ìwé náà sí, á fi sábẹ́ ẹ̀wù, ibi táwọn mìíràn ń fi owó sí.

Lọ́jọ́ kan, àpò ẹ̀wà kan ya nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù. Àwọn ọmọ tó ń kó o sọ ẹ̀wà náà sínú àpò kékeré méjì. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Ìwé ní 400 àpò. Ṣọ́jà kà á, ó jẹ́ 401. Ó parí!

Wọ́n ní kí wọ́n ṣí tápólìn. Ṣọ́jà kan mú irin tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gún àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá ọta ìbọn wà nínú rẹ̀, tàbí ajílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù. Ibi tó bá ti yọ irin, ẹ̀wà á máa ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀. Mọ́tòbọ́ì bọ́ fìlà, ó ń fi gbè é. Bọ̀dá ní òun ò bínú sí ṣọ́jà yẹn, nítorí wọ́n ti rí nǹkan burúkú nínú àpò ìrẹsì rí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kú torí àpò ẹ̀wà.

Ẹni tí àjọ náà fi tì wọ́n jẹ́ ọmọ Kànúrí kan, Bọ̀dá ní kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ṣe. Kò pariwo. Kò pe ọ̀gá kankan ní Àbújá bí àwa ì bá ṣe pè é kíá. Ó lọ jókòó ti ọ̀gá ṣọ́jà lábẹ́ igi, ó bi í léèrè ara, ó bi í léèrè ilé, ọ̀fìnkìn ń ṣe ọ̀gá náà, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn títí. Ìgbà tó yá ló wá ní ṣé àwọn lè da àpò kékeré méjì náà pọ̀ sínú ẹyọ kan lójú gbogbo èèyàn, kí iye rẹ̀ lè bá ti ìwé mu. Ọ̀gá ní rárá, èdìdì ti já. Àwọn ọkọ̀ yòókù lọ, tiwọn dúró. Ó di pé kí ọmọ náà padà sí Maiduguri lọ gba ìwé mìíràn, kí wọ́n sì dúró de ọjọ́ tí ṣọ́jà tún máa sin ọkọ̀ lọ. Kòkòrò ti ń rìn jáde lójú ihò tí irin lu.

Bọ̀dá tiwa, ọmọ Mushin pọ́ńbélé, wá fà á sẹ́yìn pé, "Àbúrò, kí ló dé tó ò kàn fi nǹkan sí i lọ́wọ́?" Ó ní, "Bọ̀dá, tí mo bá san án lónìí, ó ti di iye nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ló máa san án, wọ́n á sì máa gbé e sókè." Wọ́n kọjá nígbẹ̀yìn, láìsan kọ́bọ̀.

Ẹni tí oníbàárà mi yẹn ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Àwa ńkọ́? Láti Mile 12 dé Ojúẹlẹ́gbà, àwọn àgbèrò tí mò ń sanwó fún kò níye. Ní Kétu, wọ́n gbà. Ní Ọjọ́ta, wọ́n gbà. Mo sì ti fi sórí owó àmàlà, kí oníbàárà mi tó ń sọ̀rọ̀ akin mọ̀ pé òun ló ń san án. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá san án lọ́nà Ngala, abọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ẹ wá wo èyí. Ní 2019, ṣọ́jà ti ọ́fíìsì Action Against Hunger, àjọ aláàánú kan, pa ní Maiduguri, wọ́n ní àjọ náà ń fún Bókò Háráámù lóúnjẹ àti oògùn. Àjọ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ISWAP, àwọn tó yapa kúrò lára Bókò Háráámù, dá ọkọ̀ àjọ yìí lọ́nà, wọ́n jí àwọn tó wà níbẹ̀ gbé, wọ́n sì pa nínú wọn. Àwọn kan ní ẹ ń bọ́ ọ̀tá wa, ọ̀tá fúnra rẹ̀ ń pa yín. Iṣẹ́ wo lèèyàn tún fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn?

Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Èkó níbí, ní Dodan Barracks, Ìkòyí, ni Gowon wà nígbà ogun Biafra, tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó oúnjẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ káwọn yẹ ẹrù wò, kí wọ́n sì fò lójú ọ̀sán. Òjukwu ní rárá, ṣọ́jà Nàìjíríà lè fi bojú wá kọlu àwọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè fi májèlé sínú oúnjẹ tó bá gba Èkó kọjá. Òru ni ọkọ̀ fi ń balẹ̀ ní Uli, pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn Biafra, ti oúnjẹ àti ti ìbọn nínú òkùnkùn kan náà. Ní oṣù kẹfà 1969, ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà yìnbọn já ti Red Cross lulẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, Èkó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fò lọ́sàn-án láti Kútọnu. Biafra kọ̀. Kálukú ló ní ìdí tirẹ̀ o, ìdí náà sì mọ́gbọ́n wá, ikùn àwọn ọmọdé sì ń wú. Láti 1977 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn Geneva pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ebi jagun. Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àgbáyé tún un sọ ní 2018. El Fasher kò gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Àwọn ìlú tí Bọ̀dá ń kó ẹrù lọ, ọwọ́ ṣọ́jà ni wọ́n wà, wọ́n gbẹ́ kòtò yí wọn ká. Àwọn tó wà lẹ́yìn kòtò ńkọ́, lábẹ́ ISWAP? Èèyàn ni wọ́n. Bọ̀dá bi ọmọ Kànúrí yẹn. Ó ní òun ní ẹni tí òun lè pè lọ́dọ̀ ṣọ́jà, kò sẹ́ni tí òun lè pè lódì kejì. Ó wù mí kó ní. Ṣùgbọ́n mo rántí Somalia. Al-Shabaab, àwọn agbébọn ẹ̀sìn ibẹ̀, ní kí WFP, àjọ oúnjẹ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, máa sanwó fáwọn, kí wọ́n sì lé àwọn obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kìíní 2010, WFP kó jáde kúrò ní gúúsù. Amẹ́ríkà náà ti ń fi òfin dẹ́rù ba ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá dé ọwọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di 2012, nǹkan bí 260,000 èèyàn ló ti kú, ìdajì wọn ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá ti san án ńkọ́? Ìbọn ni al-Shabaab ì bá fi rà. Bí wọn ò sì ti san án, iye tó kú náà nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ pé tí wọ́n bá ní ká fi àpò kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ kí mẹ́sàn-án lè kọjá, màá fi í sílẹ̀. Oníṣòwò ni mí, mo ti san jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kétu. Tí wọ́n bá wá ní mẹ́ta ńkọ́? Márùn-ún? Tó bá jẹ́ pé àpò kan yẹn ló bọ́ ẹni tó yìnbọn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n oníbàárà mi yẹn ńkọ́? N ò mọ ibi tí màá ti ní ó tó. Mo bi Bọ̀dá, ó ní kí n má bi dírẹ́bà.

Òun gan-an ti padà wálé, síméǹtì ló ń kó báyìí. Ní July 2025, WFP kéde pé owó ti tán, pé àwọn máa dá oúnjẹ tí wọ́n ń fún èèyàn mílíọ̀nù 1.3 ní Àríwá Ìlà-Oòrùn dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Maiduguri rí, tàbí tẹ́ ẹ ní ọmọ lójú ogun: mélòó nínú mẹ́wàá lẹ máa gbà? Nọ́ńbà ni mo fẹ́ o, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn.