46 ti Lemieux ju 51 ti Gretzky lọ lójú tèmi

Ẹ kúkú bú mi tán lónìí. Nínú họ́kì orí yìnyín, eré 46 tí Mario Lemieux fi gba póìǹtì léraléra wù mí ju 51 ti Wayne Gretzky lọ.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú họ́kì orí yìnyín, orúkọ ló gbé mi débẹ̀. Mo rí i gàdàgbà lẹ́yìn aṣọ Calgary Flames, ẹgbẹ́ họ́kì kan ní Kánádà: IGINLA. Mo ní, "Igi ńlá kẹ̀?" Àṣé lóòótọ́ ni. Ọmọ Yorùbá ni bàbá Jarome Iginla, Adékúnlé sì wà lára orúkọ òun fúnra rẹ̀. Sáà 11 léraléra ló fi jẹ góòlù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Edmonton ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni Gretzky ti ń dárà nígbà tí Iginla ṣì kéré. Bí mo ṣe di èrò họ́kì nìyẹn.

Ẹni tó bá gbá puck (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù) wọ àwọ̀n gba póìǹtì kan. Ẹni tó tì í sí i náà gba ọ̀kan, àní ó lè tó ẹni méjì. Alẹ́ ọjọ́ tí o ò bá ti rí ìkankan ṣe nínú méjèèjì, okùn ti já.

Ti Gretzky kò já láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà 1983-84 títí eré fi pé 51. Góòlù 61, ó ti 92 sí ẹlòmíràn, póìǹtì 153. Ọjọ́ tí Edmonton Oilers, ẹgbẹ́ rẹ̀, pàdé Chicago nínú oṣù kìíní 1984, ó kù bíńtín. Eré ti ń lọ sópin, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Chicago tó ń wá góòlù lójú méjèèjì yọ aṣọ́lé wọn kúrò kí atamátàsé wọn lè pọ̀ sí i (họ́kì gbà bẹ́ẹ̀). Gretzky rí puck he, ó fi ránṣẹ́ sílé tí kò sẹ́ni ńbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ló kù! Ọjọ́ 28 oṣù náà ni Markus Mattsson, aṣọ́lé Los Angeles Kings, tó wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó dùn ún wò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀? Messier, Kurri, Coffey, ògbóǹtarìgì ni gbogbo wọn. Góòlù 446 ni Edmonton Oilers jẹ ní sáà yẹn, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Stanley. Ẹni tó ń gbé ilé alákàrà, ṣé àìrí àkàrà jẹ ló máa pa á?

Ẹ wá wo Lemieux ní Pittsburgh, sáà 1989-90. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ wọ ìpele tí wọ́n ti ń du ife Stanley lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún 24 ni, géńdé, àmọ́ egungun ẹ̀yìn ń yọ ọ́ lẹ́nu débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń kúnlẹ̀ bá a so ó bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ rò ó wò: wọ́n á so bàtà fún un tán, á dìde, á bọ́ sórí yìnyín láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti máa fara gbá a, á sì gba póìǹtì. Eré 46. Góòlù 39, ó ti 64 sí ẹlòmíràn. Ọjọ́ 14 oṣù kejì 1990, níwájú New York Rangers, ìrora yẹn lé e kúrò lórí yìnyín kí eré tó parí, láìní póìǹtì kankan. Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní èjìká Gretzky náà ń dùn ún lápá ìparí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó so bàtà ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Gretzky, mo wà níbí o. Ẹ máa bọ̀.