Ẹ Kí Akọ̀wé Oòrùn

Mo kí ọ̀rẹ́ mi kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé àlàáfíà lo jí?" Kò dá mi lóhùn. Ó yọ fóònù lápò, ó fi ìka ra ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ìdá 77."

Ìdá 77 kí ni? Ṣé a ti ń wọn àlàáfíà báyìí ni? Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé bátìrì tó gbé kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ ló ń sọ. Nínú ọgọ́rùn-ún, 77 ló kù lẹ́yìn tí gbogbo ilé sùn tí wọ́n sì jí, ara ọ̀rẹ́ mi wá dá ṣáṣá. Ká ní 20 ló bá níbẹ̀ ni, à bá máa wá oníṣègùn.

Irú wọn ti pọ̀ láàárín wa báyìí. Ẹni tó gbé pánẹ́ẹ̀lì ṣólà sórí òrùlé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti di wòlíì, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ máa sá gbà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, yóò ní òrùlé pápá ìṣeré yẹn ì bá gba pánẹ́ẹ̀lì dáadáa. Ẹ ní ẹ ń kọ́lé, kò ní béèrè iye yàrá, ibi tí òrùlé kọjú sí ni yóò béèrè. Igi aládùúgbò rẹ̀, tó máa ń gbafẹ́ lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀tá ìdílé. Ká sòótọ́, ẹjọ́ igi yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá: bí wọ́n bá so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn lẹ́sẹẹsẹ, tí òjìji bo ẹyọ kan, ó lè fa àwọn yòókù sẹ́yìn, bí ìgbà tí ọkọ̀ kan bá kú sójú ọ̀nà tóóró. Àmọ́ mo bá a lórí àkàbà lọ́jọ́ kan, ó mú aṣọ tútù dání, ó ń ṣépè fún ẹyẹlé tó ti ṣu tán tó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Èwo ni ti ẹyẹlé?

Ìwàásù rẹ̀ ní orí àti ẹsẹ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Edmond Becquerel, ọmọ Faransé ẹni ọdún 19 tó kíyè sí i ní 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná mànàmáná. Ọ̀rẹ́ mi ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló bá ọmọ náà di ìmọ́lẹ̀ mú. Láti ibẹ̀ ó fò sí 1954, nígbà tí àwọn ará Bell Labs, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ṣe irú pánẹ́ẹ̀lì tó wúlò, tó ń sọ bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e di iná. Ti òde òní ti lé ní ìdá 20. Ẹ bi mí pé ibo ni ìdá 80 tó kù ń lọ. Mo rò pé inú ìwàásù ni.

Òun náà ló sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń fẹ́, kò fẹ́ ooru. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25 (°C), agbára rẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀, bí 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ mi fi máa ń dúró sójúde lọ́sàn-án gangan, tí yóò bẹ oòrùn pé kó ràn dáadáa, tí yóò tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbóná.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nìyí. Lọ́jọ́ tó ń ra ẹrù yìí, òmìnira ló ní òun ń rà. Ó ní iléeṣẹ́ iná ti rẹ́ òun jẹ tó, òun fẹ́ já okùn wọn lọ́rùn. Ẹ wá wò ó lónìí. Ó ń ka mítà lẹ́ẹ̀kan níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ìwé ìṣirò tó fi ń kọ yúníìtì tó wọlé àtèyí tó jáde. Ó ń fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀. Ó ń gé iná wọn. Gbogbo iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ iná ń sanwó fún akọ̀wé kó bá wọn ṣe, òun ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àní ó tún kówó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Mo wà nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, aago méje ku díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí òun gbé omi tíì kaná fún àlejò. Èmi ni àlejò. Mo gbọ́ tí kẹ́tùlù dún "kẹ̀" ní ilé ìdáná. Fóònù ọ̀rẹ́ mi náà gbọ́. Ìlà pupa kan fò sókè lójú rẹ̀, ọ̀gá sì fò sókè láti orí àga.

"Ta ló tan kiní yẹn? Ìyá Ìbejì, aago mélòó ló lù?"

"Aago tí àlejò ń mu tíì ni."

Kó tó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó ti débẹ̀, ó ti pa á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nínú àdéhùn tó bá iléeṣẹ́ iná ṣe, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ alẹ́ ni yúníìtì wọ́n jù. Mo ní ṣebí bátìrì wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ bátìrì òun kò lè tú ju kílówáàtì 2.5 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́tùlù ń béèrè 3. Ààbọ̀ kílówáàtì tó kù, wáyà ìta ni yóò ti wá, lówó ọ̀wọ́n! Ó fi ìka méjì hàn mí bí ààbọ̀ ọ̀hún ṣe tóbi tó, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Mo fa báírò yọ, mo ṣírò ó sẹ́yìn àpò ìwé kan. Ààbọ̀ kílówáàtì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí omi yóò fi hó jẹ́ ìdá kan nínú 40 yúníìtì kan ṣoṣo. Ẹ bù yúníìtì kan sọ́nà 40, ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀. Òun ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ lé àlejò. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó wò ó, ó rọra gbé ife síwájú rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi ní kí bátìrì yín wá po tíì." Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi fi parí àlàyé, omi tó ti fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ ti tutù. A tún un gbé kaná láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òru ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òru ni yúníìtì máa ń dínwó nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, torí àwọn èèyàn ti sùn, iná ò rí oníbàárà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn wà tí iye yúníìtì ń yí padà ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gidigidi tí iná sì pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ lò ó lọ, iye náà lè wálẹ̀ kọjá òdo, kí wọ́n wá máa sanwó fún ẹni tó ń lo iná. Láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti gbọ́ ìyẹn ni orí rẹ̀ kò ti pé mọ́. Àdéhùn tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ o, ó kàn dínwó lóru ni. Síbẹ̀, aago méjì òru, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń lọ gbígbígbí. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú, ó ń wo bí bátìrì ṣe ń gun òkè ìdá kọ̀ọ̀kan. Bátìrì ọ̀hún kì í ṣọ́ ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́ náà: fi yúníìtì 10 sínú rẹ̀, bí 9 ni yóò dá padà. Ọkùnrin yìí ti fi oorun ra oòrùn.

Ká wá ní ó fẹ́ ta èyí tó ṣẹ́kù fún iléeṣẹ́ iná. Nígbà tí Jámánì ṣòfin tirẹ̀ ní 2000, iye kan pàtó ni wọ́n ṣèlérí fún olórùlé fún ogún ọdún. Ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Ọjà ti kún. Oòrùn tó ń ràn sí òrùlé tìrẹ ló ń ràn sí ti gbogbo àdúgbò, bí gbogbo yín bá sì gbé ẹrù kan náà wá sọ́jà ní aago kan náà, ta ni yóò rà á? Ní 2013, àwọn tó ń ṣàkóso iná ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán bí ọjà náà yóò ṣe rí, ó sì jọ pẹ́pẹ́yẹ: ikùn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ẹnikẹ́ni kò nílò iná ìta, ọrùn rẹ̀ nà fíofío ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ayé délé. Níbẹ̀ náà, ẹni tó bá kọ̀wé béèrè lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2023, owó tí wọ́n ń san fún iná tó bá tà kéré púpọ̀ sí ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tó ta yúníìtì mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa bí ẹni bímọ.

Ẹ má tíì bi í pé ìgbà wo ni owó rẹ̀ yóò padà. Lọ́jọ́ tó rà á, ó ní ọdún 9. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti di 7. Níbi ayẹyẹ kan tí ẹnu ti ń dùn, etí mi báyìí ló gbọ́ 4. Bó bá ń bá a lọ báyìí, owó náà yóò padà kó tó ná an. Kì í ka ínfátà tó ṣeé ṣe kó kú kí ọdún 25 tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ pánẹ́ẹ̀lì tó pé. Kì í sì í dárúkọ owó mítà, ìyẹn owó ojoojúmọ́ tí iléeṣẹ́ iná ń gbà bó o lo iná bó ò lò ó.

Kí n má parọ́, èmi náà ti ní kí wọ́n wá wọn òrùlé mi. Kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì ni mo ń bú. Pánẹ́ẹ̀lì kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó sókè jẹ́ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àní ní Jámánì, ayálégbé lè fi pánẹ́ẹ̀lì kékeré kọ́ ojú fàráńdà, kó so ó mọ́ ihò iná ara ògiri, láìkọjá 800 wáàtì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó ní 800 wáàtì ló ń wàásù jù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ìta lọ. Àdúgbò ṣókùnkùn biribiri. Mo ní háà, ọjọ́ ògo ọ̀rẹ́ mi ti dé. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ láti lọ jẹ ìgbádùn. Òkùnkùn ilé rẹ̀ ló dúdú jù ní àdúgbò.

Bátìrì kún o. Àmọ́ bí iná ìta bá ti lọ, irú ínfátà tó rà gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀, kí iná rẹ̀ má baà gba wáyà lọ pa ẹni tó gun òpó láti tún un ṣe. Ohun èlò kan wà tó ń gé ilé kúrò lára wáyà ìta kí bátìrì lè máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n fi lọ̀ ọ́ nígbà tó ń rajà. Ó ní yóò sọ ọdún 9 di 10.

Mo bá a ní pálọ̀ lórí àga rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé ti bá iná lọ, áàpù kàn ń yí òbìrí ni, kò ṣí. Àwọn ìbejì ń rẹ́rìn-ín níbì kan nínú òkùnkùn. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé àlàáfíà ni?"

Ó wo fóònù. Ó fi ìka ra á. Ó tún wò ó.

"N ò tíì mọ̀," ló wí.