Òfin èéfín kọ́ ló ń pa iná

Níbi ìkómọ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin níbí, iná lọ kí wọ́n tó bu oúnjẹ kárí. Kò tíì sẹ́ni tó dìde lọ tan ẹ̀rọ amúnáwá tí bàbá kan fi bẹ̀rẹ̀: "Òfin àyíká tí àwọn òyìnbó gbé dé ló fà á. Amẹ́ríkà gan-an ò rí iná lò mọ́. Kí wọ́n gbé òfin náà tì lọ́jọ́ pàjáwìrì, ẹ ó rí i bí iná á ṣe dúró." Gbogbo ìjókòó mi orí. Bàbá dàgbà jù mí lọ, mi ò dá wọn lóhùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tí ò mọ ibi tí wáyà ti wọlé rẹ̀ gan-an ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Texas, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Texas náà. Ní oṣù Kejì 2021, òtútù burúkú bo ìpínlẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ 14, ERCOT, ìyẹn àwọn tó ń darí iná Texas, bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná tú èéfín kọjá ohun tí òfin gbà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbà fún wọn. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun: láti 1935 ló ti wà nínú òfin iná wọn, ní ẹ̀ka 202(c). Ìwé ti jáde, òfin ti yẹ̀ lọ́nà. Nígbà tó di aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru ọjọ́ 15, ERCOT bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ wà nínú òkùnkùn. Ìjọba Texas fúnra rẹ̀ ka òkú 246.

Kí ló wá pa iná? FERC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, àti NERC, àjọ tó ń rí sí i pé iná dúró déédéé, wádìí rẹ̀, ìwé wọn jáde ní oṣù Kọkànlá 2021. Ní Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ kan nítòsí rẹ̀, ẹ̀rọ ìpèsè iná 1,045 ló dákú, tàbí tí agbára rẹ̀ já wálẹ̀, tàbí tó kọ̀ láti dìde. Òtútù tó gan ẹ̀rọ àti páìpù ló ṣáájú, àìrí gáàsì ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń sọ pé àwọn ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ló bà á jẹ́, kó lọ kà á: ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀rọ náà ló ń lo gáàsì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òkú ni, ni pé bí wọ́n ṣe ń pa iná àdúgbò, wọ́n pa ti ibi tí wọ́n ti ń fa gáàsì mọ́ ọn, torí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ pa á. Gáàsì tún wá dín kù sí i. Irú òtútù yìí ti kọlù wọ́n ní 2011, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n wọ aṣọ òtútù fún ẹ̀rọ wọn. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ìwé àṣẹ èéfín ṣe fẹ́ yọ́ yìnyín kúrò lára páìpù?

Wọ́n á ní California, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, ńkọ́. Lóòótọ́, ní oṣù Kẹsàn-án 2022 wọ́n gba irú àṣẹ yẹn nígbà ooru ńlá, iná sì dúró. Ó lè ti ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 6, tí ìlò iná gòkè dé 52,061 mẹ́gáwáàtì, ìjọba fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù aráàlú pé kí wọ́n pa ohun tí wọn ò nílò, ìlò náà sì rọlẹ̀ wìì.

Ká padà sílé. Iná tí à ń rà ní Nàìjíríà ń gba Sakété wọlé. Bí wáyà wọn bá dákú lọ́hùn-ún, àwa náà á mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi fa páìpù gáàsì tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ya lójú òkun Togo, gáàsì sì dáwọ́ dúró fún Benin, Togo àti Ghana. Òfin àyíká wo ló ju ìdákọ̀ró sómi?

Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe. Délestage (ìyẹn kí ilé iṣẹ́ iná mọ̀ọ́mọ̀ pa iná àdúgbò) tàbí kì í ṣe délestage, ohun tí mo máa ń bá ni ojú ìsopọ̀ tó ti jó, òpó tó ti dagun, tiransifọ́mà tí wọ́n gbé wá nígbà tí àdúgbò kò tíì ní fíríìjì, tí gbogbo yàrá wá di ti ẹ̀rọ amúlétutù báyìí. Mi ò tíì bá òfin lórí òpó rí.

Àwọn tó ń sọ pé èéfín ò jẹ́ nǹkan lọ́jọ́ pàjáwìrì, nínú òkú 246 Texas yẹn, 19 ló jẹ́ pé èéfín olóró inú ilé ló pa wọ́n. Oníbàárà kan ní kí n bá òun so inverseur, ìyẹn bọ́tìnì tí a fi ń yí láti iná ìjọba sí ti ẹ̀rọ, mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá tó gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn ọmọ. Mo ní àfi tó bá gbé e síta. Ó bínú, ó pe oníwáyà mìíràn. Ìyẹn náà ní kó gbé e síta.