Pátákó kíláàsì ò gbọdọ̀ parí síbi pupa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gbé káyé physique ẹ̀ wá, ó ní ká bá òun wò ó. Wọ́n ti ya àwọn àwọ̀ òṣùmàrè síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti violet, ó ń bọ̀ ó ń bọ̀ títí ó fi dé pupa, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti fi rúlà fa ìlà gbọọrọ kan bí tíṣà ṣe fà á sí pátákó, ó tán. Ló bá bi wá pé kí ló wà lẹ́yìn ìlà yẹn. A ò bú tíṣà o, ohun tí wọ́n ní kó kọ́ wọn ló kọ́ wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn, William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀, ti rí i láti 1800. Ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ó wá ń gbé tẹmómẹ́tà sábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó gbé e kọjá pupa, síbi tójú ò ti rí nǹkan kan mọ́, ibẹ̀ ló wá gbóná jù. Ìmọ́lẹ̀ ni, ojú wa ni ò gbà á. Infrarouge ni wọ́n ń pè é ní kọlẹ́ẹ̀jì. Ooru tó ń ta sí yín lójú tẹ́ ẹ bá dúró níwájú ààrò alákàrà láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan, òun náà ni.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà lójú ọ̀run tí ò gbóná tó láti tàn, irú bí ìkuukùu eruku tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun, ooru tín-ín-rín yẹn nìkan ni wọ́n ń ta síta. Kéèyàn tó lè rí i, ohun tó fi ń wò ó gbọ́dọ̀ tutù rinrin. Ẹ bi ìyá ọlọ́mọ wò: tọ́wọ́ ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi gbígbóná, ṣé ó lè fi mọ̀ bóyá ibà wà lára ọmọ? Afẹ́fẹ́ tá à ń mí náà ò tún jẹ́, omi tó wà nínú ẹ̀ ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì kó tó balẹ̀, àwa tá à ń gbé létí ọ̀sà sì mọ bí afẹ́fẹ́ olómi ṣe ń lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn táwọn ará Yúróòpù fi kan tẹ́lẹ́síkóòpù kan, wọ́n sọ ọ́ ní Herschel, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 sì gbé e láti Kourou, ní Guyane tó wà lábẹ́ Faransé, ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 2009, ó jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kìlómítà. Dígí ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.5, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà gùn débi tí ìgbì ẹ̀ fi ju ìdajì mìlímítà lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mú un tutù? Ẹ má jẹ́ kó jọ idán lójú yín, àmù ni. Àmù amọ̀ tí ìyá àgbà gbé sí kọ̀rọ̀ ilé, ara ẹ̀ á máa làágùn, òógùn tó ń gbẹ yẹn ló ń kó ooru lọ, lomi inú ẹ̀ á fi tutù láìsí furigó láìsí iná. Wọ́n rọ hílíọ́ọ̀mù olómi, ìyẹn afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n mú tutù títí ó fi di omi, tó lé ní 2,300 lítà sínú Herschel, ó tutù lọ sísàlẹ̀ òdo dé nǹkan bí ìwọ̀n 271, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbẹ lọ sínú òfìfo, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru kúrò lára àwọn ẹ̀rọ. Àmù tí ò sẹ́ni tó máa pọnmi kún un, ẹ mọ ibi tó máa já sí. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2013 ló gbẹ, nígbà tó di oṣù kẹfà wọ́n pa á pátápátá.

Àwọn kan á ní, owó tó lé ní bílíọ̀nù kan yúrò, ọdún mẹ́rin péré, kí ló kàn wá, ṣé omi ẹ̀rọ ti dé gbogbo àdúgbò ni? Kò tíì dé, a ti kọ ìyẹn títí ọwọ́ wa fi ń ro wá, a ó sì tún kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fàráǹkì wa kan ò sí nínú owó Herschel, síbẹ̀ gbogbo ohun tó rí ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní konẹ́síọ̀n lè wọbẹ̀ lálẹ́ òní. Omi ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Hartley 2, Herschel ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní 2011 pé ó jọ omi òkun wa. Òun náà ló rí omi tó ti di oru tó ń jáde lára Ceres, ayé kékeré kan tó ń yí oòrùn po, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2014. Ọ̀nà ti ṣí, àwọn ọmọ wa ni wọn ò júwe ẹ̀ fún, ìyẹn ló ń bí wa nínú.

A dán ti Herschel àtijọ́ wò fúnra wa lọ́jọ́ Sátidé ní àgbàlá ọ́fíìsì. Páálí bàtà kan, gíláàsì onígun mẹ́ta tá a yá, tẹmómẹ́tà mẹ́ta tá a fi èéfín ìdí ìkòkò kùn lórí kó lè gba ooru dáadáa. Àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́, òjò ṣú, ẹnì kan sì fẹsẹ̀ gbá páálí dànù. Nígbà tóòrùn padà yọ, èyí tó wà lẹ́yìn pupa ló gun òkè jù, ọmọ oníkáyé ló kà á fún wa, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì torí kò gbà á gbọ́.

Nítorí náà ohun tá à ń béèrè ò le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ètò ẹ̀kọ́, ẹ fún CEG kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kọlẹ́ẹ̀jì ìjọba, ní gíláàsì yẹn àti tẹmómẹ́tà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí tíṣà fi Yorùbá àti Gùn ṣàlàyé ẹ̀ kó tó kọ ọ́ ní Faransé, ọmọ tó bá ti mọ àmù nílé ìyá ẹ̀ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fún wọn ní konẹ́síọ̀n tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ tí mínísítà bá wá nìkan ló ń ṣí. Láti 2013, kò tíì sí tẹ́lẹ́síkóòpù míì lókè tó ń rí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí Herschel rí: Yúróòpù àti Japan fẹ́ ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ SPICA, wọ́n pa á tì ní 2020, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, mú àbá tẹ́lẹ́síkóòpù méjì fún àyẹ̀wò ní 2024, PRIMA wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá mú òun, 2032 ni wọ́n fojú sí pé á gbéra. Ọmọ tó wà ní sísíyẹ̀mù, kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì, lónìí, ìgbà yẹn ló máa wà ní yunifásítì.

Àwọn tó máa kọ́ àwọn tíṣà náà ò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì IMSP wà ní Dangbo lẹ́bàá wa níbí, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ mélòó kan nígbà fàkáǹsì. Láti Àjàṣẹ́, zẹmijan á gbé tíṣà lọ á sì gbé e bọ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ̀nà wọn jìn, tiwọn nìjọba máa wá owó mọ́tò àti ibi tí wọ́n máa sùn sí fún.